Ìrìn Ẹni Tí Kò Tíì Gbọ́

Bí ẹ bá máa ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù, ẹ ti rí Mísbáù Adéyanjú rí, ẹ ò kàn mọ̀ pé òun lẹ rí ni. Òun ni mẹ́gáàdì tí àwọn adigunjalè kọ́kọ́ yìnbọn fún. Òun ni awakọ̀ tí wọ́n bá lójú títì, tí orí rẹ̀ ti tẹ̀ sórí sítíà. Òun ni bàbá tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí Mísbáù bá dé àárín fíìmù láàyè, àwọn á gbààwẹ̀ ọpẹ́. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹni tí wọn ò fún ní àga, ó di dandan kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Kì í ṣe eré ló ń bọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Industrial Estate Ìsọlọ̀ ló ń bọ́ ọ. Ìdí ẹ̀rọ tó ń yọ garawa àti abọ́ ló ń dúró sí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kan lóru, ooru ibẹ̀ sì ti jó gbogbo irun apá rẹ̀ dànù. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá fi í sílẹ̀ ni yóò lọ kú fún àwọn eléré. Salimat ìyàwó rẹ̀, ìyá Rodiat ọmọ wọn, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní àdúgbò kan lẹ́yìn Àgọ́ Palace, kì í bá a jà sí i. Ó ní ọkọ tó ń kú ní fíìmù sàn ju ọkọ tó ń jókòó sí ilé ọtí.

Ìyá rẹ̀ ni kò gba bẹ́ẹ̀. Sàfúrátù ni orúkọ ìyá náà, òwú òfì ló ń tà ní Ìsẹ́yìn láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí, ó sin méjì ní kékeré, ó ku Mísbáù, ó ku Hassanat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù ọmọ rẹ̀ hàn án, tó rí Mísbáù nílẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀jẹ̀, kò wò ó tán. Ó dìde, ó rẹ ẹ̀wà, ó din àkàrà, ó kó o lọ fún àwọn ọmọ ilé kéú kí wọ́n fi ṣàdúà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí Mísbáù bá ti kú nínú fíìmù, sàráà ti délẹ̀ nìyẹn.

“Àjàní, ẹ̀wà ti wọ́n o,” ni yóò máa wí lórí fóònù. “Ọjọ́ wo ni wọ́n máa jẹ́ kí o dé òpin ìtàn?”

Mísbáù a rẹ́rìn-ín, a ní kí ìyá ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í fi ṣe ẹ̀rín. Ìyá ti sọ ọ́ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bó bá ti ń tú òwú palẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó. “Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, ìwọ ni kí o wọ inú ilẹ̀ kí o fọwọ́ ara rẹ gbà mí. Mi ò fẹ́ ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí mo gbé pọ̀n ni kó gbé mi sùn.” Mísbáù ti ṣèlérí. Nínú gbogbo ìlérí tí ọkùnrin yìí ti ṣe láyé, èyí nìkan ni kò ro ẹ̀ẹ̀mejì kó tó ṣe é.

Ìyá náà sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ọmọ bá ti pẹ́ jù kó tó wálé, yóò ní kí Hassanat pè é pé ara òun ò yá. Mísbáù ti sá kúrò níbi iṣẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ rí, ó dé ibẹ̀, ó bá ìyá lórí àpótí tó ń yọ eyín rẹ́rìn-ín, ọbẹ̀ ti jinná lórí iná. “Ara mi ò yá lóòótọ́,” ni ìyá wí. “Ojú rẹ ló ń yun mí.” Nígbà kejì tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Mísbáù dànù. Nítorí náà nígbà kẹta, ẹ má bá mi bínú sí i, kò tètè gbéra.

Ìgbà kẹta náà ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Òwúrọ̀ ni. Mísbáù ti wọ aṣọ, ó ti fẹ́ jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ya fíìmù, nígbà tí fóònù dún. Hassanat ni.

“Mísbáù, ìyá ń bèèrè rẹ. Máa bọ̀ lónìí.”

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.”

“Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn báyìí. Tí mo bá ti parí, mo ti ń bọ̀ nìyẹn.”

Hassanat dákẹ́ díẹ̀. “Má pẹ́ o,” ló wí, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún Mísbáù: ìyá ti kú. Ìdájí ọjọ́ náà ló kú, lórí ẹní ìrun rẹ̀. Hassanat mọ̀ ọ́n, omijé ló ń gbé mì nígbà tó dákẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni, bí wọ́n sì ti kọ́ gbogbo wa ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà. A kì í la ikú mọ́ ènìyàn lórí. Ẹni tó wà lókèèrè, wọn a ní kó máa bọ̀, wọn a ní ara ni kò le, títí yóò fi dé, tí wọn yóò fi í sáàárín àwọn àgbà, tí omi tútù yóò wà nítòsí. Àṣà rere ni, èmi ò ní bú u. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ mọ́tò tó ń bọ̀ lójú títì. Àmọ́ ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn àlùfáà ti ní lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni wọn yóò sin ìyá, kò sí ìdúró. Àṣà kan ní kí wọ́n rọra, àṣà kejì ní kí wọ́n yára, àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ju Mísbáù sí.

Òun ní tirẹ̀, ó rò pé eré ìyá náà ló tún dé. Ó fi fóònù sápò, ó rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbà á rò fún un. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ lásán. Olúbọ̀wálé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí fíìmù náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dáírẹ́tọ̀, ti fún un ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò fún un rí. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, látòkè délẹ̀, Mísbáù nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà yóò máa wò. Lóòótọ́, wọn yóò pa á náà, kí la gbé, kí la jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọn yóò ti pa á. Olùwòran yóò rí i tó wọlé, ilẹ̀kùn yóò sé, ó tán. Mísbáù ti mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá: “Ìyá mi, ẹ ò ní din àkàrà lọ́tẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó rí òkú mi.”

Ilé kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti yà á, irú ilé oníyàrá ìhín ìyàrá ọ̀hún tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn là kọjá láàárín. Bí wọ́n ti dé, Lateefah, tó ń mójú tó aṣọ àwọn òṣèré, gba fóònù gbogbo ènìyàn sínú àpò kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é kí fóònù má baà dún ba iṣẹ́ jẹ́. Dáírẹ́tọ̀ wá kó wọn jọ.

Ọlọ́pọlọ lọ́mọ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní nǹkan àkọ́kọ́ tí olùwòran máa rí ni inú yàrá Mísbáù: fáànù ń yí, ago wà lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Kámẹ́rà á rọra sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí kọ́tìnnì. Bàtà dúdú méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan á mira díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa wá gbé olùwòran jáde sí ìgboro, níbi tí Mísbáù ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tó ń ra búrẹ́dì.

“Ẹ̀gbọ́n Mísbáù, ẹ gbọ́ mi o,” ló wí. “Tí mo bá fi ẹni yẹn pamọ́, tó kàn fò yọ, ẹ̀rù á ba olùwòran lẹ́ẹ̀kan, finish. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi bàtà yẹn hàn wọ́n, kí n tó wá mú yín bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀ ń kí aládùúgbò, ẹ̀ ń ṣàwàdà, ah! Gbogbo ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbé, àyà wọn ni ẹ̀ ń tẹ̀. Wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ ló wà. Ẹ má sáré o. Ẹ ò mọ nǹkan kan.”

“Mi ò mọ nǹkan kan,” ni Mísbáù dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ wá wo wàhálà. Mísbáù rìn, kò dáa. Ó tún un rìn, kò dáa. Ó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí Àjíbíkẹ́, àgbà òṣèré tó ń ṣe aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣa ìrẹsì lójú ilẹ̀kùn, ó kí ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe, gbogbo rẹ̀ dáa. Tó bá ti wá ku díẹ̀ kó dé ìdí ilẹ̀kùn tirẹ̀, èjìká rẹ̀ á sún kì. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọkùnrin náà ti kú títí, ara rẹ̀ ti mọ ojú ọ̀nà.

“Cut!” ni Dáírẹ́tọ̀ ń pariwo. “Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ti mọ̀! Ẹ tún ti mọ̀!”

“Ẹ má bínú, Dáírẹ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.”

Wọ́n tún un ṣe títí tí òógùn fi rin ẹ̀wù rẹ̀, tí Lateefah fi ní láti pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni fóònù Mísbáù ń gbọ̀n nínú àpò. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Lateefah mú un, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé e.

Salimat ni. Hassanat ti pè é, ó sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un, nítorí òun ló yẹ kó mú ọkọ rẹ̀ wálé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Ìyá Bàbá Rodiat ti kú ní Ìsẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ ọ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ ṣáà bá mi bẹ Dáírẹ́tọ̀ kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Lẹ́yìn Àlàásárì ni wọ́n máa sin ìyá. Tá a bá jáde báyìí, a máa bá a.”

Lateefah ní òun ti gbọ́. Ó lọ bá Dáírẹ́tọ̀ nídìí kámẹ́rà, ó sọ ọ́ sí i létí.

Dáírẹ́tọ̀ wo ilẹ̀. Ó wo oòrùn lára ògiri. Ó wo àwọn ọmọ àdúgbò tí òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí ariwo sọ ládùúgbò, tí wọn ò ní gbà lọ́la. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ọmọlúàbí.

“Àwọn ẹbí ẹ̀ ní ká má sọ fún un, àbí? Kì í ṣe àwa ló kàn láti tú irú ẹ̀. Jẹ́ ká gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Dáírẹ́tọ̀, Ìsẹ́yìn jìnnà o.”

“I know. Lẹ́ẹ̀kan péré.”

Ẹ ò rí i bí àṣà ṣe wúlò? Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe àánú, á fi ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ fi bo ojúkòkòrò ara rẹ̀, á fẹ̀ dáadáa fún òun náà.

Mísbáù lọ bu omi sójú ní ìta. Kó tó padà dé, ọ̀rọ̀ ti yí gbogbo ilé po. Ẹni tó gbé iná fíìmù lọ́wọ́ ti gbọ́. Oníbúrẹ́dì ti gbọ́. Ọkùnrin onírédíò ti gbọ́. Àjíbíkẹ́ gbọ́, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó tún yára sọ ọ́ kalẹ̀ nítorí Mísbáù ń wọlé bọ̀. Gbogbo wọn wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó la ẹnu nínú wọn. Àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, ẹni tí ìyá tirẹ̀ ti kú rí wà níbẹ̀. Wọ́n dúró síbi tí kámẹ́rà ní kí wọ́n dúró sí.

“Action!”

Mísbáù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò ní agbára láti ṣeré mọ́, èyí ló jẹ́ kó máa rìn bí ènìyàn. Ó ra búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, èyí tí kò ṣe látàárọ̀. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin onírédíò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí wáyà, ó tẹjú mọ́ ọn títí tó fi kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àjíbíkẹ́, ìyá yìí kò wulẹ̀ dáhùn ìkíni bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ Mísbáù mú, omi sì lé lójú rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi,” ló wí. “Ọlọ́run á dúró tì yín.”

Mísbáù rò pé àgbà ń fi iyọ̀ kún eré ni. Inú rẹ̀ dùn sí i. “Àmín, ìyá,” ló dáhùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ, ìyá tirẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń rò ó bí òun á ṣe yọ sí i ní ìrọ̀lẹ́, bí òun á ṣe sọ̀rọ̀ àkàrà yẹn, bí ìyá á ṣe gbá òun lórí. Ó dé ìdí ilẹ̀kùn láìmọ̀. Èjìká rẹ̀ kò sún kì. Ó gbé búrẹ́dì sí abíyá, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé.

“Cut,” ni Dáírẹ́tọ̀ wí, jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ojú kan níbẹ̀ tó lè wo ti Mísbáù.

Ẹ̀yin rò pé ó tán? Dáírẹ́tọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ya ọwọ́ nìkan, bó ṣe di ilẹ̀kùn mú. Ó yà á. Ó ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ya ẹsẹ̀. Ó fẹ́ ya búrẹ́dì ni wọ́n bá ń pe ìrun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, ìró náà kò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ já geere, ni gbogbo wọn bá dúró dìgbà tí wọ́n pè é tán. Mísbáù jókòó lórí àpótí, ó ń gbé ètè bí ó ti ń dá ìpè náà lóhùn. Salimat tún pè. Lateefah ní wọ́n ti fẹ́ parí, kó fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò gbé e mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá tú u sílẹ̀, Lateefah kúnlẹ̀ fi fóònù lé e lọ́wọ́. Dáírẹ́tọ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kí awakọ̀ òun fi mọ́tò òun gbé e délé. Mísbáù jókòó sẹ́yìn mọ́tò tó ń tutù náà, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ọ̀gá. Ó gbà pé nítorí iṣẹ́ tí òun ṣe ni wọ́n ṣe ń yẹ́ òun sí.

Salimat ti di ẹrù, ó ti wọ híjáàbù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìwọ náà ń lọ?”

“Ìyá ní kí èmi náà wá.”

“Ìyá yìí!” Mísbáù mi orí. “Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti kó gbogbo wa.”

Láti Ọ̀ṣọ́dì tí wọ́n ti wọkọ̀ títí wọ́n fi kọjá Abẹ́òkúta, ó ń sọ bí ó ṣe rìn fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní èyí tó kẹ́yìn, òun gan-an ò mọ ìgbà tí òun dé ilẹ̀kùn. Salimat kọjú sí fèrèsé. Ó fi eyín di etí híjáàbù rẹ̀ mú, ó ń ní, “Hẹn, hẹn.”

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn. Mísbáù rí ẹní tí wọ́n tẹ́ síta, ó rí àwọn àlùfáà, ó rí bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ló ń wò. Zakariyah, ọmọ oníkòkó tó wà ní ilé kejì, jókòó lórí pèpéle, erùpẹ̀ pupa dé ojúgun rẹ̀ méjèèjì, ó ti ń gbẹ.

“Mísbáù, wá jókòó,” ni àgbà kan wí. Wọ́n ti gbé omi tútù dúró.

Kò jókòó. “Ta ló gbà á?” ló bi wọ́n. “Ta ló wọ inú ilẹ̀ tó gba ìyá mi?”

Zakariyah dọ̀bálẹ̀. Ọmọ náà kò ṣẹ̀, ó ń sunkún ju àwọn tí òkú bí lọ.

Hassanat jáde wá, ó fẹ́ dì mọ́ àbúrò rẹ̀, Mísbáù yẹ̀ ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ò sọ pé wọ́n ti kú.”

“A kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Mísbáù. Ká sọ ọ́ fún ẹ lójú títì Èkó, kí nǹkan wá ṣe ẹ́? A dúró, a dúró títí, àwọn àlùfáà ní àwọn ò lè dúró mọ́.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó lọ bá ilẹ̀ pupa tó ga díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Kò rí ẹni kankan dá lẹ́bi àfi ara rẹ̀. Wọ́n ní kó máa bọ̀, ó lọ ya fíìmù. Salimat sọ fún un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ pé òun pè, pé wọ́n ní iṣẹ́ ti fẹ́ parí. Kò sọ pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ ikú gan-an fún àjèjì kó tó di pé ọkọ òun gbọ́. Ojú ń tì í. Báyìí ni Mísbáù ṣe gbé ẹ̀bi náà lóun nìkan, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e dúró ti ẹ̀rọ, ó rù gan-an. Kò ṣeré mọ́. Àwọn eléré pè é, ó ní ara òun ò yá.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, kò fẹ́ wò ó. Rodiat ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Dáírẹ́tọ̀ gba gbọ̀ngàn kan ní Àgọ́ Palace lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó pe gbogbo àwọn tó bá a ṣe é, ará àdúgbò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n fi Mísbáù síwájú, Lateefah wà ní àga ẹ̀yìn rẹ̀.

Fáànù ń yí lójú pátákó ńlá tí wọ́n fi ń wo fíìmù. Ago wà lórí tábìlì. Bàtà dúdú méjì yọ ní ìdí kọ́tìnnì, ọ̀kan mira, gbogbo gbọ̀ngàn sì ké “Yéè!” Lẹ́yìn náà ni Mísbáù yọ lójú títì Ìsọlọ̀, ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́.

“Má lọlé o!” obìnrin kan kígbe lẹ́yìn.

“Bàbá, ẹ yà síbòmíràn! Abeg, turn back!”

Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń di ara wọn mú. Mísbáù ń wo ara rẹ̀. Ó rí oníbúrẹ́dì tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé búrẹ́dì fún un. Ó rántí pé ọwọ́ kan ló fi ń gbé e ní gbogbo àárọ̀. Ó rí ọkùnrin onírédíò tó gbójú sókè. Ó rí Àjíbíkẹ́ tó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, pátákó sì tóbi, omi ojú ìyá náà hàn kedere bí omi inú abọ́. Ó ti gbé òkú ìyá rẹ̀ sọ́kàn láti ìgbà náà, ó mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ òkú. Ojú tí wọ́n fi wò ó ní Ìsẹ́yìn ni. Irú ojú yẹn náà ni gbogbo wọn fi wò ó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, oòrùn ṣì wà lókè lára ògiri, wọn ò tíì pe Àìlà.

Ó yí padà. Lateefah ti dorí kodò.

Nígbà náà ni Mísbáù dìde. Àgbà ọkùnrin tí kì í pariwo, ó na ìka sí ara rẹ̀ tó ń rìn lọ lójú pátákó, ó fi gbogbo ọ̀fun rẹ̀ ké e.

“Padà! Mísbáù, padà! Ìyá ẹ ti kú! Wọn ò tíì sin ín! Ju búrẹ́dì yẹn nù, máa sáré lọ sí Ìsẹ́yìn! Ìyá ẹ ti kú o!”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá náà mà lè ṣàwàdà o. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un, ẹnì kan súfèé. Dáírẹ́tọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, òun àti àwọn tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè la ẹnu sọ fún Mísbáù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù.

Èyí tó wà lójú pátákó kò gbọ́. Ó gbé búrẹ́dì sí abíyá, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé.